Àdán tó lóyún tí ikùn rẹ̀ ò yọ

Àwọn ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ l'Ọ́jà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́, mọ̀ pé mo máa ń ní kí wọ́n má ta ẹran tó lóyún. Wọ́n wá ń dá mi lóhùn pé: "Dókítà, a la abo àdán, a tú ilé ọmọ rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ jàre."

Oyún lè wà níbẹ̀ kí ẹ má rí i. Àdán ńlá tó ń jẹ èso, tí irun ọrùn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ni mò ń sọ o, kì í ṣe òòbẹ̀ inú àjà.

Bí akọ bá ti gun abo, tí ẹyin pàdé àtọ̀, ẹyin náà á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, títí yóò fi di nǹkan róbótó kan tó ní omi nínú. Kò tó ìdajì mìlímítà. Tèèyàn kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ. Ti àdán yìí kàn léfòó síbẹ̀ ni fún oṣù mélòó kan, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà.

Onímọ̀ nípa ẹranko kan, F. A. Mutere, ṣàyẹ̀wò àwọn àdán Kampala, ní Uganda, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1965. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni wọ́n ń gun ara wọn. Oyún ò lẹ̀ àfi ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Oṣù kejì sí oṣù kẹta ni wọ́n ń bí. Oṣù bíi mẹ́sàn-án lóyún, àmọ́ oṣù bíi mẹ́rin péré ni ọmọ fi ń dàgbà ní tòótọ́. Ìgbà tó bá lẹ̀ ni ibi ọmọ ń hù, tí oúnjẹ ìyá ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń jẹ́. Dídúró tí oyún ń dúró yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n bímọ sígbà ọ̀wọ́n èso. Ẹ má kàn gbé kàlẹ́ńdà Uganda lé àdán Ẹ̀pẹ́ lórí. Òjò wọn yàtọ̀ sí tiwa.

Títú ikùn yẹn wò gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 1956, ní Èkó wa níbí, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan lára irú àdán yìí, ìbátan dìgbòlugi ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí àdán bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àdán ni.