Ìpàkọ́ Yín Kì í Ṣe Èèwọ̀ fún Kámẹ́rà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, oníbàárà mẹ́ta ló bá mi jà torí pé mo ya ìpàkọ́ wọn. Ìyá ìyàwó kan ní kí n pa á rẹ́ lójú òun, ta ló mọ̀ bóyá mo fẹ́ fi orí ọmọ òun ṣe nǹkan! Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò ò lè gbé orí ẹnikẹ́ni lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ba irun, tó padà wọnú kámẹ́rà.

Olóògbé ayàwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930 nílẹ̀ Emai, ní ìpínlẹ̀ Edo, fọ fíìmù fún ìjọba n'Ìbàdàn kó tó wá sí Èkó. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin. Níbi táwa tó kù ti ń wá ojú, ẹ̀yìn orí ni bàbá ń lọ. Irun tó yà tó bí 1,000. Ní 2013, ọdún kan kó tó kú, wọ́n gbé wọn kọ́ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ìlú Venice, nílẹ̀ Ítálì. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onídìrí wa nìyẹn o!

Ìmọ́lẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá tan fíláàṣì sí ṣùkú tààrà, gbogbo rẹ̀ á papọ̀ di dúdú kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá, kí òjìji lè jókòó sáàárín ìlà kan sí èkejì, kí ẹ rí ibi tí ọwọ́ onídìrí ti fún un, ibi tó ti dẹ̀ ẹ́. Bó bá ga jù, ìpara á máa dán, ìlà á sì sọnù. Àwọn onífóònù tó ń fi fílítà bóra fún yín ò mọ èyí. Irun yín ń yọ́ lọ́wọ́ wọn bí òrí, wọ́n ṣì ń pe ara wọn ní ayàwòrán.

Màmá kan ṣe ọgọ́ta ọdún lọ́jọ́sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló di irun náà, ó rẹwà kọjá sísọ. Mo ya ẹ̀yìn rẹ̀, màmá fárígá, mo pa á rẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, màmá ti kú, ẹ̀gbọ́n náà ti kú. Ọmọ màmá mú onídìrí kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fẹ́ di irun yẹn gan-an fún ìrántí. Ogójì fọ́tò ojú ló wà ńlẹ̀. Nínú ọ̀kan, ìlà irun méjì yọ lẹ́yìn etí màmá. Onídìrí wò ó títí, ó fìka tọ ìlà náà dé etí fọ́tò, ó ní òun ò mọ ibi tó gbà lọ.