Ned Kelly kò dá gbé inú igbó

Bí wọ́n bá dárúkọ Ned Kelly, àwòrán kan ṣoṣo ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀wù irin wọ̀, tó fi irin bo orí, tó ku ihò tóóró tó fi ń ríran, tó dá dúró sínú igbó Ọsirélíà, tí òun nìkan ń bá ọlọ́pàá fà á. Àwọn kan tún máa ń fi kún un pé ó ń gba tọwọ́ olówó kó lè fún tálákà. Èmi náà gba ìtàn yẹn gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, àfìgbà tí mo jókòó ti ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀.

Bushranger ni wọ́n ń pe irú adigunjalè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tó sá fún iṣẹ́ àṣelàágùn ni àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. John Caesar, adúláwọ̀ tí ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó débẹ̀ ní 1788, ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́. 1796 ni wọ́n yìnbọn pa á. Ṣùgbọ́n nígbà Kelly, ìlú ti tò, báńkì ti wà, rélùwéè ti dé. Ẹni tí ìjọba ń wá kò lè dá fara pamọ́ mọ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe, àwọn igi yòókù ló yẹ ká wò.

Bàbá rẹ̀, ará Tipperary ní Ireland, jí ẹlẹ́dẹ̀ méjì, wọ́n sì kó o lọ ṣẹ̀wọ̀n ní Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà, ní 1841. Ó kú ní ìparí 1866, nígbà tí Ned jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 12. Ellen ìyá rẹ̀ kó ọmọ méje lọ sí agbègbè Greta, ní àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Victoria, níbi tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wà, ó sì gba ilẹ̀ 88 éékà lẹ́bàá odò Eleven Mile. Ẹ fojú inú wo ilé náà: pákó tí wọ́n fi àáké là ni ògiri, èèpo igi ni òrùlé, aṣọ tí wọ́n ta ni wọ́n fi pín yàrá. Búrẹ́dì tí wọ́n yan nínú eérú, ẹran àgùntàn àti tíì ni oúnjẹ. Èrò ọ̀nà a máa sùn mọ́jú níbẹ̀, Ellen a sì máa ta ọtí fún wọn láìgba ìwé àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ wàhálà wọn. Láti àwọn ọdún 1860 ni ìjọba Victoria ti ń jẹ́ kí mẹ̀kúnnù máa san owó ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ máa gbé orí rẹ̀, kó sọgbà yí i ká, kó sì dáko sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ bọ́ nìyẹn. Àwọn olówó tó ń sin àgùntàn rẹpẹtẹ sì ti gba ibi tó lọ́ràá, tó súnmọ́ omi. Bí ẹran mẹ̀kúnnù bá ṣáko lọ síbẹ̀, wọ́n á kó o lọ ti mọ́lé, olúwa rẹ̀ á sanwó kó tó rí i gbà. (Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ti lé kúrò ló nilẹ̀ ọ̀hún gan-an. Ó dùn mí pé àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà rántí wọn.)

Nínú ìbínú yẹn ni jíjí ẹṣin ti di iṣẹ́ fún Ned àtàwọn ìbátan rẹ̀. Kì í ṣe tolówó nìkan ni wọ́n ń jí. Ní 1878, ọlọ́pàá kan ní Ned yìnbọn lu òun nílé Ellen. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ Ellen lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta tòun tọmọ ọwọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Ned àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ọlọ́pàá mẹ́ta ní Stringybark Creek. Michael Kennedy, ọ̀kan nínú wọn, fi ìyàwó àtọmọ márùn-ún sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, 20 oṣù gbáko ni ọwọ́ kò tẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ṣèlérí fún ẹni tó bá mú wọn wọ 8,000 pọ́un. Báwo? Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, Maggie àti Kate, ń gbé oúnjẹ àti ìròyìn lọ fún wọn lórí ẹṣin. Mọ̀lẹ́bí àtọ̀rẹ́ ń ta wọ́n lólobó bí ọlọ́pàá bá ti gbéra. Owó tí wọ́n jà gbà ní báńkì ìlú Euroa, àwọn èèyàn tiwọn yìí náà ló kàn, àwọn kan sì fi san gbèsè. Kì í ṣe tálákà gbogbo ló jẹ níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí ìjọba náà ṣe rí i nìyẹn. Ní oṣù kìíní 1879, wọ́n kó àwọn alátìlẹ́yìn tó lé ní 20 láàárín ìkórè àlìkámà, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé fún oṣù mélòó kan láìsí ẹ̀rí. Àwọn tó ń bínú díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá bínú gidi.

Síbẹ̀, agbègbè náà kò fohùn ṣọ̀kan. Aaron Sherritt, tóun àti Joe Byrne, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ Ned, jọ dàgbà, ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1880. Ní ìlú Glenrowan, lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ Sherritt, Ned àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó nǹkan bí ọgọ́ta ará ìlú há sílé ọtí Ann Jones. Thomas Curnow, olùkọ́, ló sáré lọ dá ọkọ̀ ojú irin àwọn ọlọ́pàá dúró kó má bàa dojú dé lórí irin tí àwọn Ned ti tú. Nínú ìjà tó tẹ̀lé e, ìbọn ọlọ́pàá pa ọmọkùnrin Ann Jones.

Irin tí Ned wọ̀ lọ́jọ́ náà wúwo tó nǹkan bíi kílò 44. Irin ìtúlẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi rọ ọ́, kò sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ni wọ́n yìn ín sí. Nígbà tí wọ́n bọ́ ọ, wọ́n bá ọ̀já sílíkì aláwọ̀ ewé, olómi wúrà létí, lára rẹ̀. Ìdílé Shelton ní Avenel ló fún un nígbà tó wà lọ́mọdé, torí pé ó fa ọmọ wọn yọ nínú odò tó fẹ́ gbé e lọ. Wọ́n so Ned kọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Melbourne tí ìyá rẹ̀ wà. Ọ̀já náà ṣì wà ní ìlú Benalla, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.