Eyín Tó Dákẹ́ Kò Tíì Sàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa nílé ìtọ́jú eyín ní Ìlọrin: "Dókítà, ó ro mí gan-an lóṣù tó kọjá, àmọ́ ó ti dákẹ́. Mo ní kí n kàn wá fi hàn yín ni." Wọ́n á sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Èmi ní tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló máa ń já mi láyà. Eyín tó lu, tó ń ro, tó wá dédé dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọ́jú rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé iṣan inú rẹ̀ tó ń mọ ìrora ló kú.

Eyín ní ìpele mẹ́ta. Ti òde ni ohun tó le jù lọ lára èèyàn, kì í sì í mọ ìrora rárá. Abẹ́ rẹ̀ ni ìpele kejì tó rọ̀ díẹ̀, tí òtútù máa ń ta. Àárín gbùngbùn ni ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lẹ́nu gbogbo wa máa ń jẹ ṣúgà tí a bá fi sẹ́nu, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan, omi kíkan yìí ló ń jẹ ara eyín lọ. Itọ́ máa ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu mínírà kan tán lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì gbé igo rẹ̀ sílẹ̀, fi sàn ju ẹni tó gbé e ka iwájú nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń tọ́ ọ wò láti àárọ̀ dalẹ́. Ìpele òde lè ti jẹrà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìrora kankan tó yọjú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kiri ọjà, tí wọ́n ń sọ pé àwọn lè fa kòkòrò jáde láti inú eyín, wọ́n á sì kó nǹkan funfun wínníwínní lé oníbàárà lọ́wọ́. Kòkòrò tó ń ba eyín jẹ́ kò ṣeé fojú lásán rí. Ohun tí wọ́n fi hàn yín, àwọn fúnra wọn ló mú un wá.

Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín. Ẹ má sì fi funfun nìkan díwọ̀n rẹ̀. Mo ti rí bàbá tí obì ti sọ eyín rẹ̀ di pupa, tí kò sí ihò kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo sì ti rí ọ̀dọ́mọbìnrin tí eyín rẹ̀ ń dán gbinrin, tí ìjẹrà fara pamọ́ sáàárín eyín méjì níbi tí dígí wa ò dé, tó jẹ́ pé X-ray ló tú àṣírí rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ eyín kan dé. Kí ló ń mú un ro? Tí omi tútù bá kàn án, ìrora náà ń pẹ́ tó báwo kó tó lọ? Ṣé ó ń jí yín lójú oorun? Bó bá jẹ́ omi tútù tàbí nǹkan dídùn ló ń ta á, tí kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, iṣan rẹ̀ ṣì wà láàyè, dídí la máa dí i. Bó bá ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú gbáko, tàbí tó ń ro fúnra rẹ̀ lóru títí tí ẹ̀gbẹ́ orí náà á fi máa fọ́, iṣan náà ti ń kú lọ. Ẹ̀yìn èyí ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa ń dé.

Màmá kan tó ń ta ẹran ní ọjà Ìpàtà ló wá pé kí a fọ eyín fún òun. Mo fi òwú tútù kan eyín inú kan tó ní ihò. Kò mọ̀ ọ́n lára. Mo fi ìdí dígí mi kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo kan èyí tó ní ihò náà pẹ́ẹ́pẹ́, ó di apá mi mú: "Yéè! Ibẹ̀ yẹn, Dókítà!" Eyín tó ní ó ti dákẹ́ láti Iléyá nìyẹn o. Ihò náà kéré lójú, àmọ́ nínú X-ray, ibi dúdú kan ti yọ nídìí gbòǹgbò rẹ̀. Ọyún ti ń jẹ egungun àgbọ̀n. Màmá ní kí n bá òun yọ ọ́ jàre. Mo ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì dúró dáadáa. Ẹ jẹ́ ká gbà á là." A sì gbà á là.

Màmá náà ti lo kápúsù láti kẹ́míìsì nígbà tó ń ro wọ́n. Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́? Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri ara, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í wọ inú eyín tí iṣan rẹ̀ ti kú. Oògùn lè mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú fà, àmọ́ kò lè dé ibi tí ìjẹrà wà, ìyẹn ló fi ń padà wá. Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ má tẹ àsìpírìn mọ́ ìdí eyín, ẹ má sì fi omi bátìrì sí i. Èrìgì tí irú nǹkan báyìí ti bó ni a máa ń kọ́kọ́ tọ́jú kí a tó kan eyín gan-an.

Ní ti dídí, ohun mẹ́ta la sábà máa ń lò. Àmàgámù aláwọ̀ fàdákà lágbára, ó ń pẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013 láti dín mẹ́kúrì kù, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, a ti ń dín lílò rẹ̀ kù. A kì í fẹ́ fi sẹ́nu aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ẹni tó ti ní in lẹ́nu látijọ́, tí kò sì bàjẹ́, kò sí ìdí láti sáré lọ yọ ọ́. Èkejì ni aláwọ̀ eyín tí a ń fi iná aláwọ̀ búlúù gan. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n eyín gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú nígbà tí a bá ń fi í sí i. Bí itọ́ bá kàn án, kò ní pẹ́ tó fi máa ṣí. Ẹ̀kẹta, lẹ́búlẹ́bú àti omi la pò pọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, ó sì ń tú fúlóráìdì, èròjà tó ń mú eyín le, jáde. A lè fi irinṣẹ́ ọwọ́ lásán họ ìjẹrà kúrò, ká fi eléyìí dí i, láìsí iná mànàmáná. Orílẹ̀-èdè Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí láàárín ọdún 1980 sí 1989. Fún àwọn ìletò ìhà Igbómìnà àti Èkìtì tí iná kì í dúró, mi ò rí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ.

Bí iṣan bá ti kú, fífọ gbòǹgbò ló kù tàbí yíyọ. Bí a bá fọ gbòǹgbò, a ó pa ojú ibẹ̀ kó má baà ro yín, a ó ṣí eyín náà, a ó kó òkú iṣan jáde, a ó fọ ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, eyín inú lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó wá dí wọn pa. Ó lè gba ìjókòó ju ẹyọ kan lọ. Ibí gan-an ló ti ń dùn mí. Lẹ́yìn ìjókòó àkọ́kọ́, ìrora á lọ, aláìsàn náà á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí a fi dí i fún ìgbà díẹ̀ á ṣí, ìdọ̀tí á wọlé, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú. Ẹ parí rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí a fi adé, ìyẹn ìbòrí líle fún eyín, bò ó bó bá jẹ́ eyín inú. Láìsí adé, ó lè là sí méjì.

Yíyọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nígbà mìíràn òun ló tọ́. Àmọ́ ẹ má rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Eyín tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa dà sínú àlàfo náà, ti òkè tó dojú kọ ọ́ á máa sọ̀ kalẹ̀. Tí a bá yọ ọ́, ẹ di òwú náà mú fún ìdajì wákàtí, ẹ má fọ ẹnu, ẹ má sì máa tutọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀la ni omi iyọ̀. Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, èyí tí a so mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́, àti èyí tí a rì mọ́ egungun wà, owó wọn sì yàtọ̀ síra gidi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni po ike mọ́ yín lẹ́nu lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí kò ṣeé yọ fọ̀. Èrìgì abẹ́ rẹ̀ máa ń jẹrà, á sì ba eyín tó yè níbẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun. Nígbà tí ọmọ bá tó bí ọdún 6, eyín inú ńlá kan á hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé rẹ̀. Kò rọ́pò ọ̀kankan, kò sí èyí tó yọ kó tó hù, nítorí náà òbí kì í mọ̀ pé ó dé. Nígbà tó bá lu, wọ́n á ní "eyín ọmọdé ni, á yọ." Títí ayé ni eyín yẹn, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ la ẹnu ọmọ yín lálẹ́ òní, ẹ ka eyín rẹ̀ láti àárín lọ sẹ́yìn, ẹkẹfà ni. Bí ẹ bá rí àmì funfun tí kò dán lórí rẹ̀, ó ṣì lè padà bọ̀ sípò pẹ̀lú fúlóráìdì. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó tutọ́ rẹ̀ dànù, kó má fi omi ṣan án.

Pákò dára bí ẹ bá jẹ ẹnu rẹ̀ rọ̀ dáadáa, tó sì dé inú lọ́hùn-ún. Nínú Ràmàdáánì, kí a tó tún sùn lẹ́yìn sààrì, ká fọ eyín kí àkókò tó wọlé, torí itọ́ kì í pọ̀ nígbà ààwẹ̀.

Ní ti wíwá yẹ eyín wò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó fún àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ le; oṣù mẹ́fà-mẹ́fà fún ọmọdé, onítọ̀ọ̀gbẹ àti ẹni tí eyín rẹ̀ máa ń lu. A ó wo èrìgì, a ó wo ahọ́n náà, torí egbò ẹnu tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kì í ṣe ohun àfojúfò. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ibà ń mú yín, tí gbígbé nǹkan mì tàbí mímí bá ń nira, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni lóru ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹun kí ẹ tó wá. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sì sọ fún wa bí oyún bá wà níkùn.