Ojúlé ni kí ẹ wá, ẹ pa orúkọ tì ná

"Wọn ò ka bàbá wa." Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá tẹ orúkọ baba ńlá wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà àtijọ́ kò sì dá wọn lóhùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n kà á. Orúkọ ló ṣìnà.

Akànìyàn ń rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó bá bá nílé ló ń bi léèrè: ìyàwó, ọmọ, nígbà mìíràn aládùúgbò. Bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn jókòó ti ìwé tó ti ń pa rẹ́, ó ń tò ó sórí kọ̀ǹpútà. L di S, u di n. Etí ti ba orúkọ jẹ́, ojú tún wá bà á jẹ́ sí i.

Wọ́n ti mọ àìsàn yìí tipẹ́. Láwọn ọdún 1930, ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní Soundex ni wọ́n fi to orúkọ inú ìwé 1880, 1900 àti 1920: lẹ́tà àkọ́kọ́ á dúró, fáwẹ̀lì pẹ̀lú h, w àti y á dànù, kọ́ńsónáǹtì tó kù á di nọ́ńbà. Lewis àti Louis á wá pàdé ní L200. Ọgbọ́n gidi ni, àfi pé lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í yí padà: Carr àti Karr ò lè pàdé láéláé. (Ká má tiẹ̀ mú un dé ọ̀dọ̀ tiwa, A340 ni Adéolá àti Adélé jọ máa jẹ́.)

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ kí èèyàn wò níbí. Ẹni tó wọ Ìbàdàn tó ń béèrè Ṣẹ́gun, ilẹ̀ á ṣú u. Ẹ ní Ṣẹ́gun ọmọ alágbẹ̀dẹ, ilé kejì sí mọ́ṣáláṣí, ọmọdé á mú yín débẹ̀. Nítorí pé láti ojúlé dé ojúlé ni akànìyàn ń rìn, ojú ìwé rẹ̀ kan, àdúgbò kan ni. Ẹ wá àbúrò baba ńlá yín tí orúkọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kí ẹ sì máa ka ìlà tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta síwájú, mẹ́ta sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni àna àti ìyá ìyàwó máa ń fara pamọ́ sí. Ìwé 1890 bàjẹ́ nínú iná 1921 ní Washington, nítorí náà ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní 1881, tó relé ọkọ ní 1899, kò ní sí lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ìwé 1880 tàbí 1900. Aládùúgbò ló lè júwe rẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹrú ni ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn ẹrú: orúkọ olówó wọn, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn ní 1860, bí ẹni ka màlúù. Ní 1870 ni orúkọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Láti fo ògiri yẹn, ẹ wo òyìnbó olóko ńlá tó wà nítòsí ìdílé náà ní 1870, kí ẹ gbé orúkọ rẹ̀ padà sí ìwé ẹrú 1860. Ìyá ẹni 40 ọdún á ti jẹ́ 30 níbẹ̀, ọmọ ẹni 14 á jẹ́ 4. Tí ọjọ́ orí bíi mélòó kan bá bára mu, ọ̀nà ń là bọ̀. Ẹ̀rí kọ́ o, nítorí ọ̀pọ̀ ti ṣí kúrò, orúkọ olówó ìkẹyìn kọ́ sì ni gbogbo wọn ń jẹ́, bó ti wù kí aráyé tẹnu mọ́ ọn tó.

Kossola, ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà, ni wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis. Ìwé 1860 ò tiẹ̀ lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Iye èèyàn tó wà nílé ní 1 June 1860 ni wọ́n ń kà. July ni ọkọ̀ Clotilda já Kossola àti àwọn bí ọgọ́rùn-ún mìíràn sí Mobile ní Alabama, tí wọ́n sì fi wọ́n pamọ́ sínú igbó, torí òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Òpó mìíràn nínú ìwé ìkànìyàn ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò. Ní 1880, wọ́n bi olúkúlùkù ibi tí wọ́n ti bí bàbá àti ìyá rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti kọ "Alabama" fún ọmọ, tí wọ́n kọ "Africa" lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé e, kí ó dúró níbẹ̀, kó máa wo ojúlé tó tẹ̀ lé e.