Kóòṣì yunifásítì tó kọ owó Lakers: ṣé kò yẹ kó lọ ni?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ajùsápẹ̀rẹ̀ Los Angeles Lakers ní kí Dan Hurley wá máa ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn. Yunifásítì Connecticut, tí wọ́n ń pè ní UConn, ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ní owó tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tó mílíọ̀nù 70 dọ́là fún ọdún mẹ́fà. Hurley rò ó wò, ó ní òun ò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wo NBA, ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ajùsápẹ̀rẹ̀ jẹun ní Amẹ́ríkà tí Lakers wà nínú rẹ̀, nílé wa ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Látìgbà náà, bí àyè kóòṣì kan bá ti ṣí sílẹ̀ ní NBA, ìbéèrè yìí tún ń jẹyọ.

Kí ni Hurley ṣe tí Lakers fi ń wá a?

Ó gba ife ẹ̀yẹ NCAA, ìyẹn ìdíje àwọn yunifásítì, ní 2023, ó tún gbà á ní 2024. Yunifásítì Florida ló gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra kẹ́yìn ṣáájú rẹ̀, ní 2006 àti 2007. Nínú ìgbà 40 tí UConn jáde ní sáà 2023 sí 2024, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n fìdí rẹmi.

Ṣé kò fẹ́ owó ni?

Ó fẹ́ ẹ. Lóṣù Keje ọdún yẹn kan náà, UConn fún un ní ìwé àdéhùn tuntun: mílíọ̀nù 50 dọ́là fún ọdún mẹ́fà.

Bọ́ọ̀lù kan náà ṣáà ni. Kí ló wá yàtọ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì?

Òfin eré yàtọ̀ díẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 ni àwọn ọkùnrin yunifásítì ń gbá, NBA ń gbá 48. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni ikọ̀ yunifásítì ní láti fi ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀, ti NBA jẹ́ 24. Kóòṣì tó mọṣẹ́ á mọ ìyẹn lò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ní yunifásítì, kóòṣì fúnra rẹ̀ ló ń wá ọmọ tó fẹ́. Á lọ sílé ọmọ náà, á jókòó sí pálọ̀ àwọn òbí ọmọ náà, á sọ ohun tó fẹ́ fi ọmọ wọn ṣe fún wọn. Bí ọmọ ọdún 18 yẹn bá dé tí kò ṣe bó ṣe yẹ, kóòṣì á ní kó lọ jókòó, á sì jókòó. Ní NBA, ọ̀gá mìíràn ló ń ra agbábọ́ọ̀lù tó sì ń tà wọ́n. Ìràwọ̀ inú ikọ̀ ń gbowó ju kóòṣì lọ fíìfíì, ó sì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lé kóòṣì náà lọ. Ariwo ni wọ́n mọ Hurley mọ́. LeBron James tí ì bá bá ní Lakers ti lé lẹ́ni ọdún 39, ó sì ti gba ife NBA mẹ́rin. Ọmọ ọdún 18 lè gba irú ariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Mi ò rí i bí àgbà bẹ́ẹ̀ á ṣe gbà á.

Ìjákulẹ̀ ńkọ́? Ìgbà 82 ni ikọ̀ NBA ń jáde kí ìpele ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, ìyà ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan kò ṣàjèjì níbẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kọkànlá 2024. UConn lọ sí Maui ní Hawaii, wọ́n jẹ ìyà lójú ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra. Nínú ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú Yunifásítì Memphis, ọ̀mì ni wọ́n wà ní àfikún àkókò nígbà tí rẹfirí fun fèrè sí ọmọ UConn kan. Hurley bínú débi pé ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Rẹfirí fìyà jẹ ẹ́ nítorí ìyẹn, Memphis jẹ góòlù ọ̀fẹ́, wọ́n sì borí pẹ̀lú 99 sí 97. Ọkàn rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, àmọ́ ẹni tó bá ń ṣe báyìí nígbà 82 lọ́dún kò ní pẹ́ ṣàìsàn.

Àwọn tó ti lọ ṣáájú ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà. Rick Pitino gba ife pẹ̀lú Yunifásítì Kentucky ní 1996, ó lọ sí Boston Celtics ní NBA ní 1997. Kó tó kúrò ní 2001, ó borí nígbà 102, ó fìdí rẹmi nígbà 146. John Calipari lọ sí New Jersey Nets ní 1996, wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1999. Òun náà ló padà sí yunifásítì, tó gba ife pẹ̀lú Kentucky ní 2012, tí Bam Adebayo, ọmọ wa, sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan. John Beilein fi Yunifásítì Michigan sílẹ̀ lọ sí ikọ̀ NBA ti Cleveland ní 2019. Kò lò tó sáà kan: nígbà 54, ó borí nígbà 14.

Larry Brown nìkan ló tíì gba ife méjèèjì, ti NCAA pẹ̀lú Kansas ní 1988 àti ti NBA pẹ̀lú Detroit ní 2004. Ẹ má gbàgbé pé ó ti kọ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé Kansas.

Brad Stevens ni ẹ̀rí tí àwọn tó ní "kó máa lọ" máa ń mú wá, ẹ̀rí náà sì lágbára. Ilé ìwé kékeré ni Butler, ó sì gbé wọn dé àṣekágbá ní 2010 àti 2011. Celtics mú un ní 2013, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 36. Sáà àkọ́kọ́ burú: wọ́n borí nígbà 25, wọ́n fìdí rẹmi nígbà 57. Wọn ò lé e. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe kóòṣì kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀gá tó ń kó ikọ̀ jọ, ikọ̀ tó kó jọ náà ló gba ife ní 2024. Sùúrù àwọn tó ni Celtics ló jẹ́ kí ọgbọ́n Stevens ráyè ṣiṣẹ́.

Ṣé Lakers ní irú sùúrù yẹn?

Frank Vogel gba ife fún wọn ní 2020. Wọ́n lé e ní 2022. Darvin Ham gbé wọn dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní 2023. Wọ́n lé e ní 2024.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé Hurley ṣe ohun tó tọ́. Kò sí ohun tó burú nínú kí kóòṣì yunifásítì lọ, bí ẹni tó ń pè é bá lè fara da sáà méjì tí kò dáa. Níbi tí wọn kò bá ti lè fara dà á, owó yòówù tí wọ́n gbé sílẹ̀, kó jókòó sí àyè rẹ̀.

Yunifásítì náà ò ha ti di ọjà báyìí?

Ó ti ń dà bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Keje 2021, agbábọ́ọ̀lù yunifásítì lè fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó. Láti oṣù Keje 2025, ilé ìwé fúnra rẹ̀ lè san owó fún wọn, tó tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́ fún gbogbo eré ìdárayá ilé ìwé kan. Ọmọ tún lè lọ sí ilé ìwé mìíràn lọ́dọọdún. Tony Bennett, tó gba ife pẹ̀lú Virginia ní 2019, fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kẹwàá 2024 nígbà tí sáà kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ó ní bí nǹkan ṣe rí báyìí kò bá òun mu. Bó bá ń lọ báyìí, àṣẹ tí mo sọ lókè yẹn á dín kù lọ́wọ́ kóòṣì yunifásítì, ọ̀pọ̀ wọn á sì rò pé ó sàn kí àwọn kúkú lọ sí NBA.

Kóòṣì kan ní Amẹ́ríkà ń pe ọmọ mi. Bí kóòṣì náà bá kúrò ńkọ́?

Ilé ìwé ló fún ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kì í ṣe kóòṣì. Ẹ ka ìwé àdéhùn náà, ẹ wo iye ọdún tó wà níbẹ̀. Kóòṣì tuntun lè kó àwọn tirẹ̀ wá, kí ọmọ yín máa jókòó. Òfin fàyè gba ọmọ láti wá ilé ìwé mìíràn bí kóòṣì bá lọ, àmọ́ ọmọ tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, wọlé kò gbọdọ̀ kàn ṣí lọ. Ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé tuntun, kí ilé ìwé náà tó fún un ní I-20 tuntun, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á wọlé. Físà yẹn náà ni kò jẹ́ kí ọmọ tiwa lè gba owó bọ́ọ̀lù bí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ṣe ń gbà á. Kó má fọwọ́ sí ìwé owó kankan kó tó bá ọ́fíìsì yẹn sọ̀rọ̀.

Alágbàtà ní kí a kọ́kọ́ san owó.

Ẹ má san án.

Ṣé kí ọmọ náà má lọ mọ́ ni?

Kó lọ, bí ilé ìwé náà bá bá a mu. Nígbà tí Hakeem Olajuwon kúrò l'Ékòó lọ sí Houston ní 1980, Guy Lewis tó bá níbẹ̀ ti ń darí ikọ̀ náà láti 1956, kò sì fẹ̀yìn tì títí di 1986. Irú kóòṣì bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, ẹ bèèrè ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kà, ibi tí á máa gbé, àti ẹni tó ń bójú tó àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ pe ẹni náà lórí fóònù kí ọmọ tó wọ bàálù.