Òòfà: ọmọ Ògún àti Ṣàngó

Bi akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kàbà tàbí Ìsánlú pé ta ló kọ́kọ́ rí òòfà, ìtàn darandaran ni yóò sọ fún ọ: Magnes, tí ìṣó bàtà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkúta lórí òkè. Pliny ará Róòmù ló gbé e sínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún un.

Òòfà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà. Òkúta irin kan wà, dúdú, ó wúwo, mágínétáìtì ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní Itakpe lọ́dọ̀ àwọn ará wa Ebira. Òòfà máa ń fà á, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í dá fa nǹkan. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń di òòfà. Kí ló sọ ìwọ̀nba yẹn dà bẹ́ẹ̀? Lóòótọ́, ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó iṣẹ́ yẹn. Àwọn onímọ̀ kan ní àrá ni, ẹ̀yìn wọn ni mo sì wà gbágbágbá. Bí àrá bá sán lu orí òkè tó ní irin, iná mànàmáná ńlá á gba inú òkúta kọjá, á to àwọn ẹ̀yà tín-tìn-tín inú rẹ̀ kí wọ́n lè kọjú síbì kan náà. (Ẹ fi òòlù lu òòfà, tàbí ẹ jù ú sínú iná: ètò yẹn á dàrú, agbára rẹ̀ á lọ.) Òkè ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí irú òkúta yìí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ kòtò jíjìn. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àrá ṣe ń sán lórí àwọn òkè ilẹ̀ Okun nígbà òjò àkọ́rọ̀ kò ní jiyàn púpọ̀. Irin ti Ògún, iná ti Ṣàngó.

Mi ò ní alágbẹ̀dẹ wa ló kọ́kọ́ rí i o. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá tó ń fi ẹwìrì yọ́ irin, ta ló máa sọ pé wọn ò kan òkúta kan rí tó di ọkọ́ mú? Irin kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ: títí dòní, abọ̀rìṣà tó bá dé kóòtù, irin ló fi ń búra.

Ẹ yọ òòfà ẹ̀yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ wọ́ ọ lórí yanrìn tí òjò kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà. Yanrìn dúdú á dìde lára rẹ̀ ṣánṣán bí ẹ̀gún òòrẹ̀, pàápàá létí. Bàbà àti alumíníọ̀mù kò ní dá a lóhùn. Irin, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáltì ni ẹran rẹ̀.

Ìyókù wà nínú ìwé. Shen Kuo ará Ṣáínà kọ ọ́ ní 1088 pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá fi òòfà ra máa ń kọjú sí gúúsù. Ní 1269, Petrus Peregrinus ará Faransé ṣàlàyé pé ìpẹ̀kun méjì ni òòfà ní: àríwá àti gúúsù ń fara wọn, àríwá méjì ń lé ara wọn; bí ẹ bá sì ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á tún ní ìpẹ̀kun méjì. William Gilbert ló kéde ní 1600 pé òòfà ni ayé. Ní 1820, Oersted ará Denmark gbé iná mànàmáná gba inú wáyà, abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì sì yí. Ẹ ò rí i? Iná ń bí òòfà. Àrá mi jàre. Sturgeon ará Gẹ̀ẹ́sì wé wáyà mọ́ irin ní 1825, bí iná bá sì ti gba inú wáyà náà, irin á di òòfà. Faraday, ará Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀, fi òòfà mú iná mànàmáná jáde ní 1831. Òòfà neodymium, òòfà kékeré alágbára inú fóònù yín, Japan àti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lẹ́yìn 1980.