Ẹ̀rọ yín ti ṣetán fún ìbò onípò? Ẹ bi wọ́n nípa ìwé ségesège

Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbò onípò, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tí à ń ṣètò ẹ̀rọ ni pé ṣé ẹ̀rọ lè ka ìwé tí olùdìbò ti to olùdíje lẹ́sẹẹsẹ, ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Ó lè kà á. Ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà.

Bí ẹnikẹ́ni ò bá ní ju ìdajì ìbò lọ, a ó yọ ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, ìbò rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí olùdìbò tò tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kò tó kí ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan kàn fi iye ránṣẹ́. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo ohun tó wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kó o jọ sójú kan. Ní ìlú Minneapolis, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2009, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún irú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi kà á. Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó sàn ju ẹ̀rọ tí a ò tíì dán wò lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìwé ségesège. Ẹnì kan á mú ẹni méjì sí ipò kìíní. Ẹlòmíì á fi ipò kìíní sílẹ̀ lófìfo, á wá bẹ̀rẹ̀ láti ipò kejì. Òfin ló ń sọ bí a ó ṣe ka ìwọ̀nyí, ẹnì kan ló sì máa fi ọwọ́ tò ó sínú kọ̀ǹpútà. Ní Alameda County, Kalifóníà, lọ́dún 2022, ó yẹ kí ìwé tí ipò kìíní rẹ̀ ṣófo ti gbé ẹni kejì sókè láti ìpele kíkà àkọ́kọ́. Ètò tí wọ́n tò ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ka ìwé dáadáa, síbẹ̀ ẹni tí kò wọlé ni wọ́n kéde fún ìjókòó kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Oakland.

Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, gbangba ni wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò kí ìdìbò tó dé. Bí ẹ bá lọ, ẹ má jẹ́ kí ìwé tó mọ́ tónítóní tàn yín jẹ. Ẹ ní kí wọ́n ki ìwé ségesège bọ̀ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa pa ìbò ìdánwò rẹ́: ní New York lọ́dún 2021, nǹkan bí 135,000 irú rẹ̀ ló wọ inú èsì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde, wọ́n sì ní láti fà á padà lọ́jọ́ náà gan-an.